Àna Tó Jókòó Sídìí Jáàsì

Innocent jókòó síbi tí mo ti ń ránṣọ, ó ń sọ fún mi pé àwọn ti sin Zacharie ní Ahoyéyé, pé ikọ́ ló pa á, pé gbogbo Pọbẹ̀ ló tú jáde, pé láti ìgbà tí Dàhòmì ti gba òmìnira, kò tíì sí ẹni tó lu jáàsì bíi tirẹ̀. Mo ní, "Innocent, dákẹ́." Kò dákẹ́. Ó ní, "Ọwọ́ yẹn, Màmá Claudine! Irú ọwọ́ yẹn ò ní í sí mọ́." Mo ju aṣọ sílẹ̀. Mo ní, "Mo ní kí o dákẹ́! Ọwọ́ yẹn ló ba ayé mi jẹ́."

Ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Kó máa wò. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ Zacharie lẹ́ẹ̀kan péré ní ń wá yìn ín fún mi, àfi bí ẹni pé èmi ni mi ò gbọ́ ọ rí. Mo gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tó mi. Ẹ̀yin tí ẹ wá ránṣọ náà, ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ìyìn òkú di etí mi.

Ọmọ Ọ̀họ̀rí ni Zacharie, ní Ahoyéyé lẹ́bàá Pọbẹ̀. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, àgbẹ̀ ni baba baba rẹ̀, kò sí onílù kankan nínú ìdílé wọn. Nígbà tó gbọ́njú, ó lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó Faransé kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀pẹ ní Pọbẹ̀. Ó ń fọṣọ, ó ń fọ àwo. Òyìnbó náà ò láya, kò bímọ, orin jáàsì ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, á gbé àwo orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sórí ẹ̀rọ, á jókòó sídìí ìlù tó kó ti ìlú rẹ̀ wá, á máa lù ú tẹ̀lé wọn. Zacharie sọ fún mi pé òyìnbó náà ò mọ̀ ọ́n lù rárá, àti pé ìlù tí kò bá ti dọ́gba máa ń dun òun nínú ikùn. Á dúró nílé ìdáná, á fi ṣíbí lu ara ìkòkò, á máa tún ti òyìnbó ṣe. Lọ́jọ́ kan òyìnbó gbọ́, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Zacharie rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Òyìnbó ní kó fi àwo sílẹ̀, kó wọlé wá jókòó.

Jáàsì ni wọ́n ń pe gbogbo ìlù náà lápapọ̀: ìlù ńlá tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá, ìlù kékeré tó ń ta bí àgbàdo lórí iná, pẹ̀lú àwo idẹ tí wọ́n gbé kọ́ orí irin. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lu gbogbo rẹ̀, tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀ tí òyìnbó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ó fi jáàsì náà ta Zacharie lọ́rẹ. Àwọn ará Ahoyéyé wá wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó sin òyìnbó títí, tí kò gba kẹ̀kẹ́, tí kò gba ìbọn, tó jẹ́ pé ìlù ló gbà wálé, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é báyìí?

Èmi ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni. Eugénie ni wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi, Ìyá Berthe, ní Pọbẹ̀ ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nígbà yẹn. Níbi ijó òmìnira, gbogbo èèyàn ń wo ẹni tó ń kọrin, èmi ń wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó rẹwà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, etí rẹ̀ fẹ̀, àyà rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń lù, ó ní bó ṣe máa ń dá ọwọ́ dúró díẹ̀ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì. Gbogbo wa á gbé ẹsẹ̀ sókè, a ò ní í rí ibi tí a máa gbé e sí, àfi ìgbà tó bá wù ú kó tó jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Háà! Mo dáràn. Kí ọdún tó yí po, mo ti lóyún Claudine.

Baba mi gbọ́, ó wá sí Pọbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kó mi bí ẹni kó ẹrù, ó dá mi padà sí Ṣakẹ́tẹ́. Àwọn ẹbí Zacharie gbé ọtí, wọ́n gbé obì, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀. Baba mi ò tilẹ̀ ní kí wọ́n dìde. Ó ní, "Ta ni ẹ pè ní àna mi? Onílù? Ẹni tí wọ́n ń pè wá bá ẹlòmíràn ṣe àríyá, tó ń jẹun lẹ́yìnkùlé?" Ó búra pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, ẹsẹ̀ Zacharie ò ní í tẹ agbo ilé òun, ọmọ ò sì ní í dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ baba mi, ẹ mọ̀ pé bó bá ti búra, ó parí.

Mo bí Claudine. Baba tó bí i ò fọwọ́ kàn án. Èmi á pọn ọmọ, màá dúró lẹ́bàá títì tí àwọn kámíọ̀ tó ń ti Pọbẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ ń gbà kọjá, Zacharie á na ọrùn jáde láàárín ẹrù, á máa juwọ́ títí ọkọ̀ á fi kọjá. Ọmọ ò mọ ẹni tó ń juwọ́ sí òun. Ó kàn ń juwọ́ padà ni, bó ṣe ń juwọ́ sí gbogbo kámíọ̀.

Lásìkò yẹn, òkìkí rẹ̀ ń kàn. Ẹgbẹ́ olórin kan gbà á ní Kútọnu. Wọ́n ń lu jáàsì fún àwọn mínísítà tuntun, àwọn obìnrin tó wọ bàtà gogoro ń ké orúkọ rẹ̀. Ó ra bàtà aláwọ̀ méjì. Ó ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n ní sùúrù, pé bí baba mi bá rí òun nínú fọ́tò pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Wọ́n mú fọ́tò náà wá lóòótọ́. Baba mi wò ó, ó ní, "Àwọn èèyàn ńlá ló jókòó níwájú. Òun wà lẹ́yìn." Ó dá a padà.

Ìgbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ tú sígboro, ìjọba wó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ta ló ń lọ sílé ijó lọ́sàn-án? Àwọn ilé ijó ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹ́ túká, Zacharie gbé jáàsì rẹ̀ sórí kámíọ̀, ó padà sí Pọbẹ̀, ó ń kọ ẹyìn ọ̀pẹ. Ẹni tí mínísítà jó sí ìlù rẹ̀! Nígbà tí mo gbọ́, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ó kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi Innocent yìí jọ, ó ń kọ́ wọn, wọ́n ń lù fáwọn èèyàn lọ́jọ́ ọjà, wọ́n pe ara wọn ní Pọbẹ̀ Jáàsì. Ṣùgbọ́n Kútọnu ti lọ, ó sì mọ̀ pé ó ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń retí láyé: kó mú èmi àti Claudine lọ sílé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí baba mi fi kú.

Àbúrò rẹ̀, Bàbá Èṣùbíyìí, ló di olórí ilé. Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó búra ti lọ." Ó ní, "Ọ̀nà kan ló wà. Kó wá sin òkú bí àna. Bó bá ṣe é bó ṣe yẹ, a ó tẹ́ ẹní àna fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣùáíbù. Bó bá ti jókòó lórí ẹní yẹn tí oòrùn wọ̀, kó mú ìwọ àti ọmọ rẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ̀yin méjèèjì ti pínyà nìyẹn, ọmọ á jẹ́ ọmọ ilé yìí, mi ò sì ní í gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́." Ṣùáíbù tó dárúkọ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Jádesọ́lá, Mùsùlùmí pàtàkì, tó ń ta aṣọ ní ọjà Ṣakẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Bí baba bá kú, ọkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò mú ìlù tirẹ̀ wá. Onílù á wà lẹ́yìn, àna á wà níwájú nínú aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, á máa jó yí agbo ilé ká, á máa fún àwọn ọmọ òkú lọ́tí. Àna ń fúnni ni, kì í gbà. Omi pàápàá, kò ní í gbà á lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà, ilé rẹ̀ ni yóò ti gbé e wá. Onílù ló ń gbà.

Mo lọ bá Zacharie ní Pọbẹ̀, mo sọ ọ́ fún un títí ẹnu mi fi bó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ara ẹni la fi ń ro oko àna, ọwọ́ ara ẹni la fi ń ṣe òrùlé rẹ̀. Bó bá kú, ọkọ ọmọ ló ń gbẹ́ ilẹ̀. Èyí tó bá fi alágbàṣe ṣe é, ọ̀lẹ ni à ń pè é." Mo ní, "Bàbá Claudine, Ṣakẹ́tẹ́ kì í ṣe Ahoyéyé. Jọ̀ọ́, má jókòó sídìí ìlù. Má sì gba nǹkankan." Ó ní òun ti gbọ́. Innocent ni yóò lù ú, òun á jó. Ó ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ kí n jó bí òmùgọ̀, màá jó bí òmùgọ̀. Kí n ṣáà mú yín lọ."

Ọjọ́ náà pé. Inú yàrá ni àwa ọmọ òkú lóbìnrin wà, a kì í jáde sí agbo. Àwọn onísákárà tí Ṣùáíbù mú wá láti Àjàṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, ìlù wọn dùn, Ṣùáíbù ń jó pẹ̀lú ikùn rẹ̀, gbogbo ilé ń pè é ní àna rere. Kò pẹ́ tí kámíọ̀ kan dúró níta. Jádesọ́lá tẹjú mọ́ ojú fèrèsé, ó ní, "Eugénie, ọkọ rẹ dé. Yéè, ó mà wọ agbádá! Ó ń jó!" Mo ní, "Ṣé ó dúró níwájú?" Ó ní, "Ó wà níwájú."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìlù Innocent.

Innocent, má bínú, o mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìlù náà ń wó bí ẹlẹ́rù tó kọsẹ̀. Ẹsẹ̀ ń lọ, ọwọ́ ò bá a. Àwọn onísákárà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì kígbe pé, "Jáàsì Pọbẹ̀ yìí, ṣé ebi ń pa á ni?" Agbo hó. Wọ́n ń fi baba mi tó kú ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé Zacharie ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìlù yẹn ti ń dùn ún nínú ikùn. Mo ń sọ lábẹ́ ẹnu pé jó o, máa jó, jẹ́ kó burú, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìlù dákẹ́.

Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni wo fèrèsé fún mi kí n tó mọ ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Ìlù kékeré ta, ẹsẹ̀ gbá ìlù ńlá, ó dá ọwọ́ dúró, gbogbo ilé dákẹ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn obìnrin inú yàrá figbe ayọ̀ ta. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn dìde, wọ́n ń mi èjìká. Ìyá mi pàápàá, opó tuntun, mo rí i tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀. Mi ò gbọ́ kó lù tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà ní Kútọnu wọn ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìró bojú, mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́, Eugénie, baba sùn rere ni." Baba wo? Ọkọ mi ló ń bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ara mi, gbogbo wọn sì ń jó sí i.

Jádesọ́lá ṣàánú mi, ó sáré lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Èṣùbíyìí. Ó padà wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Bàbá ní lílù nìkan ò tíì sọ ọ́ di onílù. Wọ́n ní bóyá àṣà ìlú wọn nìyẹn. Wọ́n ní onílù ni ẹni tó bá gbà. Bí kò bá gba nǹkankan lọ́wọ́ ará ilé yìí títí oòrùn á fi wọ̀, ẹní rẹ̀ wà nílẹ̀." Mo nu ojú. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo lọ dúró sí ojú fèrèsé, mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran lọ bá a. Ó mi orí, ó ń lù lọ. Àwọn Innocent jẹ, òun ò wo ibẹ̀. Wọ́n gbé omi lọ. Òógùn ti mú kí agbádá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó mi orí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ na owó sí i níwájú orí bí a ṣe ń ṣe fún onílù, Zacharie yí orí kúrò, ó tẹríba fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Owó bọ́ sílẹ̀, kò wò ó. Bàbá Èṣùbíyìí fúnra rẹ̀ dìde, ó lọ, Zacharie tún yí orí. Ó ti wá yé agbo. Wọ́n ń kígbe pé, "Àna ni! Àna gidi ni èyí!" Ṣùáíbù pàápàá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo oòrùn, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yára. Ó ti wà lórí àwọn ọ̀pẹ, ó ku díẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti ń di ẹrù. Mo ti mọ aṣọ tí mo máa wọ̀ fún Claudine.

Mo rí Bàbá Èṣùbíyìí tó wo oòrùn náà. Ó wo ẹní tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, ó wo àwọn ọmọdé tó ń jó níwájú ìlù. Claudine wà láàárín wọn, ó ń fò sókè sódò. Bàbá pè é. Ó fi owó irin kan sí i lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ nǹkan sí i létí, ó gbé e sókè, ó ń gbé e lọ síbi ìlù.

Mo ké. "Bàbá Claudine, yí orí! Yí orí!" Mo fi ọwọ́ lu igi fèrèsé títí ó fi bó mi. Bóyá ìlù ò jẹ́ kó gbọ́. Bóyá ó gbọ́. Ó gbé ojú sókè, ó rí ọmọ níwájú rẹ̀, tó na ọwọ́ sí i. Láti ìgbà tí mo ti bí i, wọn ò sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó mọ owó tó wà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ ohun tí gbígbà á túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Ṣé kó yí orí kúrò fún ọmọ rẹ̀, lójú gbogbo ayé, nígbà àkọ́kọ́ tó na ọwọ́ sí i?

Ó dá ọwọ́ dúró, ó sì na iwájú orí rẹ̀ sí ọmọ náà.

Claudine lẹ owó mọ́ ọn. Òógùn fẹ́ mú kó yọ̀ bọ́, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ó dì í mú. Zacharie di ojú. Ó jẹ́ kí ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀, kò mí, kò mira. Agbo ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé bó ṣe máa ń dá ọwọ́ dúró ni, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ń dúró dè é.

Bàbá Èṣùbíyìí sọ ọmọ kalẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ọmọ ilé, kò pariwo, ó ní, "Ẹ ká ẹní yẹn nílẹ̀. Ẹ gbé oúnjẹ onílù sí ẹ̀yìnkùlé." Wọ́n ká a.

Claudine sáré wọ inú yàrá wá bá mi, inú rẹ̀ ń dùn, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún òógùn. Ó ní, "Màmá, onílù yẹn ń sunkún."

Mo ní òógùn ni.